Ẹsẹ̀ Ni Mo Kọ́kọ́ Tún Ṣe Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Gbogbo ẹni tí ó bá wọ àgbàlá wa ní Èbúté-Mẹ́tta tí ó sì rí Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Wọn a ní kí n gbé e lọ fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà, kí wọ́n lu ibi tí ó ti tẹ̀, kí wọ́n sì kùn ún ní funfun bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo rọra wa ọkọ̀ náà láti ilé dé Yábàá: ó ń dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da ṣíbí sínú garawa, ó ń fà sí apá òsì ní gbogbo ọ̀nà, bí mo bá sì tẹ birékì, iwájú rẹ̀ a wólẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ kí ọba. Bí a bá kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dà, òkú ni a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mo pinnu pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣe.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo ohun tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀: ṣọ́ọ̀kù, sipíríǹgì, lówà-áàmù tí ó nà láti abẹ́ ọkọ̀ lọ bá táyà, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tí ó wà lórí rẹ̀, àti àwọn búṣìn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí irin kan irin. Níwájú 504, táyà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, sipíríǹgì aláyìípo sì wé mọ́ ṣọ́ọ̀kù lóòró. Ẹ̀yìn ni pikọ́ọ̀pù ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ sàlúùnù 504: ọ̀pá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ásùlù, ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, orí rẹ̀ sì ni àwọn sipíríǹgì pẹlẹbẹ wà, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tò lé ara wọn, èyí tí ó gùn jù lókè, èyí tí ó kúrú jù nísàlẹ̀. Ìyẹn ni ó mú kí bàbá mi yàn án, torí pé pákó ni ó ń kó láti Oko Bàbá lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní Sùúrùlérè àti Mùṣín, kì í sì í ṣe pákó díẹ̀.

Nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo bá àwọn rìsíìtì tí ó fi rọ́bà so pọ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ra ṣọ́ọ̀kù iwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rántí pé lẹ́yìn tí ó bá ti pààrọ̀ wọn, yóò sọ fún ìyá mi pé ariwo náà ti dín kù, oṣù kan lẹ́yìn náà yóò tún padà wá. Mo gbé àwọn rìsíìtì náà lọ han mẹkáníìkì àgbà kan ní Ìdí-Àràbà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tí ó ti ń ṣe Peugeot láti ìgbà tí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975 kún gbogbo títì wa. Ó kà wọ́n, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Tíṣà,” ni ó wí, “ẹ má tíì mú owó lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bi ọkọ̀ yìí léèrè ná.”

Ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, ó fi irin ti abẹ́ ṣáásì, torí kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan dá dúró. Ó di táyà òsì mú lókè àti nísàlẹ̀, ó ń tì í wọlé, ó ń fà á jáde, ó sì ní kí n gbé ìka lé bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Ìka mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́ ọ: ó ń yẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì dá a lẹ́bi. Ó ní kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tẹ birékì mọ́lẹ̀, ó tún mì táyà náà, ó sì ń yẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé bẹ́árìn táyà ni ó jẹ, títẹ birékì ì bá ti dá ìmì náà dúró. Lẹ́yìn èyí ni ó di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tí í ṣe ìbéèrè fún táì-ródù, ọ̀pá tí ó ń yí táyà nígbà tí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀, ti apá òsì sì jẹ̀bi. Ṣọ́ọ̀kù ńkọ́? Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó dìde lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dúró, ṣùgbọ́n tiwa dìde, ó wólẹ̀, ó tún dìde, bí ọmọ tí ń ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kù ti kú, òróró sì ti rọ sí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kù kọ́ ni ó ń dún bí ṣíbí nínú garawa. Nígbà tí Bàbá ti ọ̀pá irin bọ àárín lówà-áàmù àti ibi tí wọ́n dè é mọ́, ohùn náà gan-an jáde, ketekete. Búṣìn inú rẹ̀ ti ya, rọ́bà ti ṣẹ́kù fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin sì ń lu irin. Fún gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ń ra ṣọ́ọ̀kù, rọ́bà tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ ni ó ń ké. Mo jókòó sórí táyà fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń fi owó ṣòfò, ẹni tí ó bá ń gbọ́ ariwo láti iwájú, tí ó sì rí òróró lára ṣọ́ọ̀kù, kò ní wá ẹlẹ́bi mìíràn.

Ó ku fífà sósì. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé táì-ródù ni. Bàbá kò wo iwájú rárá, ó ní kí n mú téèpù wá, kí n wọn àárín gbùngbùn táyà iwájú dé àárín gbùngbùn ti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ti ọ̀tún fi sẹ̀ǹtímítà méjì gùn ju ti òsì lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bóòtù àárín, èyí tí ó kó àwọn pẹlẹbẹ sipíríǹgì pọ̀ tí orí rẹ̀ sì bọ sínú ihò lára ásùlù, ti gé ní apá ọ̀tún, ásùlù sì ti yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lápá náà. Nígbà tí ásùlù bá dábùú báyìí, táyà ẹ̀yìn á kọjú sí ọ̀tún, wọn á máa ti ìdí ọkọ̀ lọ síbẹ̀, orí ọkọ̀ á sì máa yí sí òsì. Ẹ̀yìn ni ó ń darí iwájú. Ní apá ọ̀tún kan náà, ẹnì kan ti fi pẹlẹbẹ kan kún sipíríǹgì nígbà tí ẹrù pákó ń pọ̀, kò fi kún ti òsì, ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tẹ̀ sí apá òsì bí ẹni tí ó gbé garawa omi lọ́wọ́ kan.

Ládípọ̀ fẹ́ sùúrù. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ láìmú ẹ̀yà àtijọ́ dání, ohun tí ẹlòmíràn bá fẹ́ tà ni yóò rà. Mo kó tiwa sínú àpò, mo sì ń fi tuntun wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé búṣìn àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì kò yẹ ní tòkúnbọ̀ láéláé. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tòkúnbọ̀ sì jẹ́ àìsàn ẹlòmíràn tí a fi owó rà. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tuntun gbọ́dọ̀ le díẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì máa yí pẹ̀lú agbára kan náà yípo, èyí tí ó bá yí wẹ́rẹ́ tàbí tí ó ń há níbì kan, ẹ dá a padà. Ti sipíríǹgì yàtọ̀. Mo lọ sí Owódé-Onírin, mo sì ra méjì tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ wọ́n, mo sì wá ibi tí ó là lára pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó. Alágbẹ̀dẹ kan ti ní òun lè fi iná tún èyí tí ó ti tẹ́ ká, ṣùgbọ́n irin sipíríǹgì tí a fi iná kàn tí a kò sì rì í padà bí ó ti yẹ máa ń pàdánù agbára rẹ̀, nítorí náà mo kọ̀.

Títú ni ó gba àkókò jù. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti ẹ̀kún omi ti jẹ gbogbo bóòtù, a sì fi epo sí wọn lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta léra kí sípánà tó rí wọn yí. Nígbà tí a dé ibi sipíríǹgì iwájú, ọmọọṣẹ́ fẹ́ fi okùn dì í. Bàbá lé e kúrò níbẹ̀. Sipíríǹgì aláyìípo tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń pa agbára mọ́ inú, bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì òkè ṣọ́ọ̀kù láì kọ́kọ́ fi irin ìfúnpọ̀ mú un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó lè fò kí ó sì pa ènìyàn. Mo rí i pé ọmọ náà kò fẹ́ràn ìbáwí yẹn níwájú oníbàárà, ṣùgbọ́n ó lọ mú irin náà wá.

Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìnà nìyí. Mo ti fi omi ọṣẹ ti búṣìn tuntun wọlé, torí gíríìsì máa ń jẹ rọ́bà, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sípánà gígùn fún bóòtù lówà-áàmù pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lókè. Bàbá dé, ó wò ó, ó ní kí n tú u. Mo bi í pé kí ló dé. Ó mú búṣìn àtijọ́, ó fi hàn mí pé rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ irin inú, ó sì lẹ̀ mọ́ irin ìta. Nígbà tí apá bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà kì í yọ̀ lórí irin, lílọ́ ni ó ń lọ́ díẹ̀, a sì tún padà. Bí a bá fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, ibẹ̀ ni yóò kà sí ìsinmi. Bí ọkọ̀ bá wá délẹ̀, rọ́bà náà á ti lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀ kí ó tó rin ìrìn kankan, yóò sì máa wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru títí yóò fi ya.

“Ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ná,” ni Bàbá wí, “kí ẹ tó dè é.”

A sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a tì í síwájú sẹ́yìn, a tẹ̀ ẹ́ lókè kí ó lè rí ìjókòó rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni mo wọ abẹ́ tí mo sì fún gbogbo wọn. Ohun kan náà ni a ṣe fún búṣìn ojú sipíríǹgì ẹ̀yìn. Mo fura pé ìkánjú yìí náà ni ó pa búṣìn tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè bi.

Níti ẹ̀yìn, èmi àti Bàbá kò gbà fún ara wa. Ó fẹ́ kí n fi pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kún sipíríǹgì méjèèjì, ó ní ọkọ̀ ẹrù ni, ẹrù yóò sì wá. Mo ní èmi kì í kó pákó, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti gáàsì ìyá mi ni ẹrù mi, sipíríǹgì tí ó bá le ju ẹrù lọ kàn ń ta ìdí ọkọ̀ sókè ní gbogbo kòtò ni. A fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá, ó sì ń mi orí títí di òní. Bóòtù àárín tuntun ni a lò, àti yù-bóòtù tuntun, irin tí a tẹ̀ bíi U tí ó de sipíríǹgì mọ́ ásùlù, torí èyí tí a ti fún rí ti nà, kò sì ní dì mú dáadáa mọ́. A fún wọn ní ìkọjúsíra, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà ṣíwájú èkejì. Ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di tuntun, ní méjì méjì.

Mo ti ka iye ìgbà tí táì-ródù àtijọ́ yí kí ó tó jáde, iye yẹn náà ni mo sì fi yí tuntun wọlé, ìyẹn ni ó jẹ́ kí n lè wa ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè kọjú síwájú tààrà, láìjẹ táyà. Láti ibẹ̀ mo gba Adékúnlé gun Third Mainland, mo ń lọ sí Erékùṣù, Oko Bàbá wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Ní gbogbo ìsopọ̀ afárá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbì, wọ́n sì dákẹ́. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ díẹ̀, ọkọ̀ lọ tààrà. Ohun tí ó ṣì ń dún ni ṣéènì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí kò sì kan ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yìí màá tún wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti fún àwọn yù-bóòtù, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn ọlọ́dà lè máa bọ̀.