Abẹ Tó Kọ Irùngbọ̀n

Ẹ má bi mí ohun tí mò ń wá nínú àpótí bàbá àgbà. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í dákẹ́. Abẹ ni mo rí níbẹ̀, irú èyí táwọn onígbàjámọ̀ ń lò láyé ijọ́un, tí wọ́n máa ń ká irin rẹ̀ sínú èkù. Ìpáàrà ti bò ó, àmọ́ mo ṣì rí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i nídìí kà: SHEFFIELD. Ó parí. Ṣé ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ ní abẹ Ìlú Ọba lá tún máa fi réésà ọlọ́rá fá irùngbọ̀n?

Mo kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò. Ẹyọ irun kan ò já. Ọkàn mi balẹ̀ pé abẹ yìí ti kú pátápátá, pé kò lè gé ẹ̀kọ tútù. Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn pamọ́.

Ohun èlò mi pé: ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, kẹrosíìnì díẹ̀ nínú ìdérí ike, àti sáńpépà tí kápẹ́ńtà gbàgbé sílé wa. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di irin náà mú lójú gan-an, níbi tó ti ń gé nǹkan, bí ẹni di eegun ẹja mú. Èkù ń mì dirodiro nísàlẹ̀. Abẹ bẹ́ẹ̀ ò kúkú ní ohun tó ń há a. Bó bá wù ú, a ṣí, bó bá wù ú, a pa dé. Mo ń ha á, mo ń kọrin. Omi ọsàn pàdé kẹrosíìnì, ọwọ́ mi ń yọ̀ bíi ti ẹni tó mú ẹja àrọ̀. Mo tún wá tẹ sáńpépà mọ́ ọn. Abẹ yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Abẹ tó kọ irùngbọ̀n ló la àtàǹpàkò mi bí ẹni la mọ́ínmọ́ín! Kò sì tíì dùn mí o. Ìgbà tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ráyè wọ̀ ọ́ ni mo ké igbe tí adìyẹ aládùúgbò fi fi ẹyin sílẹ̀.

Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Nǹkan kan ò ṣe èkù.

Ìyàwó mi sáré jáde. “Bàbá Ìbejì, kí lẹ gé?”

“Mi ò gé nǹkan kan. Abẹ ló gé mi.”

“Èyí tí ò gé nǹkan kan láàárọ̀ yìí náà?”

Mi ò fún un lésì. Ó fa àǹkárá kan ya, ó wé e, ó wé e, títí àtàǹpàkò mi fi dà bí ìyàwó ojú ọ̀nà tó wé gèlè. Ó ní kí n nà án sókè kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ wá wo èmi àti àtàǹpàkò nínàró lójú títì Ìbàdàn. Ọlọ́kadà mẹ́ta ló dúró fún mi. Onímáíkírà kan ní kí n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò mọ̀ rí na àtàǹpàkò tiẹ̀ méjèèjì padà: “Ẹ ṣé gan-an, sà!”

Nọ́ọ̀sì tá a bá, ọmọdé ni. Ó ní, “Bàbá, kí ló gé yín?” Bàbá! Ọgbẹ́ kejì nìyẹn. Ó ní màá gba abẹ́rẹ́ ipá. Mo ní ṣé nítorí ìpáàrà ni. Ó ní rárá, kòkòrò tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí ló ń fà á, “àmọ́ ta ló mọ ibi tí abẹ yín ti ń sùn?” Mo rántí pé eku ti bímọ nínú àpótí yẹn. Kíá, mo yí ẹ̀yìn sí i, mo tú ìgbànú.

“Bàbá, apá ni.”

Ó kan owó sísan. Ibí yìí gan-an ni inú ti bí mi, ẹ fi ti abẹ sílẹ̀. Fóònù mi ò mọ ẹlòmíì láyé àfi àtàǹpàkò ọ̀tún. Mo fi gèlè tẹ̀ ẹ́, ó lóun ò mọ̀ mí rí. Píìnì ńkọ́? Ta ló ń rántí píìnì, nígbà tí Ọlọ́run fún wa ní ìka? Fóònù tí mo fowó ara mi rà ń bi mí pé ta ni mí, lójú nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdajì ìdí mi! Ìyàwó mi ló san án. Ó ṣì ń ka gbèsè náà sí mi létí.

Lóru, tí ìka ń lù kìkì bíi gángan, mo yá fóònù rẹ̀, mo kà á pé ní Sheffield yẹn kan náà ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dógùn-ún lọ́dún 1913. Ìlú kan náà o! Èyí tó ń dógùn-ún ni bàbá àgbà wá gbé wálé.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá onígbàjámọ̀ ẹ̀yìn ilé wa ní kí n gbé abẹ wá. Ó fi aṣọ so èkù kó má baà mì, ó tẹ́ irin sílẹ̀ pẹrẹsẹ sórí pákó, ó kọ ojú rẹ̀ sí òdìkejì ara rẹ̀. Ó wé sáńpépà mọ́ igi kékeré, kí ìka má baà kan irin rárá. Ó ń ti ẹ̀yìn abẹ ha á lọ sójú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò jẹ́ ha á bọ̀. “Ẹ̀yìn là ń dì mú,” ló wí. “Ta ló ń di ojú abẹ mú, ìwọ ọmọ yìí?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó fi òróró pa á lára, ó pọ́n ọn lára awọ, ó fi kan irun apá rẹ̀, irun bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó gbójú sókè wò mí. “Jókòó, kí n fá ẹ.”

Mo ní, “Bàbá, mo ti ń dá irùngbọ̀n sí.”

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Lánàá nínú máíkírà, ìyá kan bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Àfáà, ẹ bá wa ṣe àdúà o.” Mo na àtàǹpàkò sí i.