Ọta kẹfà kọ́ ni mo san owó fún

Ọdẹ ni bàbá mi. Ṣakabùlà ló ń gbé kọ́ èjìká, ìbọn tó gùn ju èmi fúnra mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó kọ́ mi nípa rẹ̀ ni pé a kì í na ẹnu ìbọn sí ènìyàn ṣeré, ìbáà má sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn máa wúlò fún mi lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé, ní òpópónà Bissonnet ní Houston, Texas, níbi tí mo ti ń ta èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti panla.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń ti ìlẹ̀kùn, owó ọjọ́ náà yóò sì wà lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò kan tẹ̀ lé mi láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù títí dé àdúgbò wa. Mi ò yà sílé. Mo gba iwájú ilé kọjá, mo lọ dúró sí ilé epo tí iná mọ́lẹ̀ rekete. Ó yí ilé epo náà po lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Bí mo ṣe délé tí mo ròyìn fún Bàbá Tóbi, ó ní, "Ìyá Tóbi, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àdúrà nìkan."

Ìbọn tí mo kọ́kọ́ rà ni àṣìṣe mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó kéré jù, tó sì fúyẹ́ jù. Wọ́n gbé revolver ọlọ́ta márùn-ún kan fún mi (ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wà nínú sílíńdà, irin róbótó tó ń yí), alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kò ju nǹkan bí áúnsì 15 lọ. Olùtajà ní àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í wúwo nínú báàgì. Òótọ́ ni, kì í wúwo nínú báàgì. Ṣùgbọ́n báàgì kọ́ ló ń yìn ín. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tapá tó, torí kò sí ìwúwo tó máa gba agbára ọta náà mọ́ra kó tó dé ọwọ́ ẹni. Nígbà tí mo fi yìn ín tán lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àárín àtàǹpàkò mi ti bó. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò sì padà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Ẹ wo irú owó tí mo dà sínú omi.

Bàbá òyìnbó kan, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ló la ojú mi ní pápá ìyìnbọn. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìbọn náà, ló bá yọ tirẹ̀ sílẹ̀ pé kí n dán an wò. Colt Detective Special ni, ìbọn àtijọ́ tó ti ha lára. Ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Colt ti gbé irú rẹ̀ jáde, ọta mẹ́fà ló ń gbà, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ .38, ẹnu rẹ̀ kò gùn ju íǹṣì méjì lọ. Irin gidi ni. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà, mo tún tọrọ ọta sí i. Kò dùn mí rárá.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ ọta kẹfà, èyí tí irú ìbọn yìí fi ju ọlọ́ta márùn-ún lọ, bí ẹni pé òun ló máa gba ẹ̀mí là. Ọta kan ni, ó dára kó wà. Àmọ́ ohun tó ń bá ọta kẹfà rìn ni mo fẹ́: ara irin tó wúwo díẹ̀, àti èèkù tó gùn débi pé ọmọńdinrín náà rí ibi dì mú. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ìtóbi wọn kò tó nǹkan. Sílíńdà àwọn ọlọ́ta márùn-ún kékeré ti Smith & Wesson fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 1.3, ti Kimber K6s tó ń gba mẹ́fà jẹ́ 1.39. Abẹ́ bùbá kò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Mo dán mẹ́ta wò nínú àwọn ọlọ́ta mẹ́fà. Taurus 856 ni owó rẹ̀ rọjú jù, bí ọwọ́ ẹni kò bá tẹ owó púpọ̀, ìbọn tó ṣeé rà ni. Colt Cobra tí wọ́n dá padà sọ́jà ní 2017 bá ọwọ́ mi mu dáadáa, ṣùgbọ́n òòlù ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń lu ọta kó lè yìn, yọ síta, ó sì ń kọ́ mi láṣọ. Kimber yẹn ni mo mú, torí inú ni òòlù tirẹ̀ wà, ibi tí ìka ń fà sì ń lọ geere láìgbọ̀n. Owó rẹ̀ ga. Èsúsú tí mo kó ní oṣù Kẹta ni mo fi san án. Ó ń gba .357 Magnum, ọta tó gùn tó sì lágbára ju .38 lọ, àmọ́ .38 Special ni mò ń kì sínú rẹ̀, ó gbà á dáadáa. (Ẹ má dán òdìkejì rẹ̀ wò: .357 kò sí fún ìbọn tí wọ́n ṣe fún .38.) Nítorí pé .38 kúrú, èérí máa ń dì sínú ihò sílíńdà, nítorí náà mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìdánrawò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùtajà. Ẹ ṣí sílíńdà, ẹ fi ojú àti ìka wò ó pé kò sí ọta. Ẹ wá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí ara ògiri tí kò sí ènìyàn níwájú rẹ̀. Bí ẹnu ìbọn bá ń jó, ìka yín àti ìbọn náà kò tíì bára mu.

Ọ̀rọ̀ ìró àti bùbá wá ńkọ́? Sátidé ni mo máa ń wọ ìró àti bùbá lọ ṣọ́ọ̀bù, ìró kò sì ní bẹ́líìtì. Mo kọ́kọ́ fi ìbọn sí báàgì, títí di ọjọ́ tí mo gbàgbé báàgì náà sórí káńtà tí ọmọ oníbàárà kan sì ń fọwọ́ kàn án. Òógùn bò mí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀já fífẹ̀ kan tí akọ̀ líle wà lára rẹ̀ ni mò ń so mọ́ ìbàdí, akọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ń fà pátápátá. Bí mo bá délé, inú àpótí onírin ló ń sùn, torí àwọn ọmọ-ọmọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì ká lọ́wọ́ ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Èmi ṣì lọ gbà á. Ìyìnbọn 50 ni ìdánwò náà, ní yáàdì 3, 7 àti 15, ó sì jẹ́ kí n mọ ibi tí wọn kò ti fẹ́ rí i: ilé ọtí tó gbé àmì 51% pupa kọ́ (ìyẹn ni pé ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ló ń mú ju ìdajì owó wọn wọlé), ilé ìwé, ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn, torí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ọ̀pọ̀ yín láyè.

Ẹ má sì rò pé ẹ máa gbé e lọ ilé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka revolver mọ́ àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀. Nígbà tí mo lọ ọdún Kérésì tó kọjá, àpótí onírin ni mo tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Tóbi. Ó ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Mo ní kó lọ rí bàbá òyìnbó yẹn ná.