Kí ẹ tó náwó sórí íápíìsì tó ń pa ariwo

Ẹ̀yìn fèrèsé mi gan-an ni aládùúgbò mi gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń wá íápíìsì tó ń pa ariwo kiri.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní Ìkẹjà, wọ́n kọ ENC gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ọmọ tó tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan mọ́." Mo délé, mo ki í bọ etí, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń kùn bó ṣe ń kùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí mo bá pè lórí fóònù ni ENC ń ṣe lóore: ó ń sẹ́ ariwo kúrò lára ohùn mi kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. ANC, èyí tó ń pa ariwo fún ẹni tó ki íápíìsì bọ etí, ni mo ń wá. Lẹ́tà kan péré ló jẹ́ kí owó mi ṣòfò.

ANC ní máíkì kékeré tó ń gbọ́ ariwo ìta, á wá gbé ìró tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ jáde, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn. Ariwo tó rinlẹ̀, tó ń dún lójú kan, ló mọ̀ ọ́n pa: jẹnẹrétọ̀, fáànù, ẹ́ńjìnnì. Abájọ tó fi jẹ́ pé inú bàálù ni èrò yìí ti sọ sí Amar Bose, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Bose sílẹ̀, lọ́kàn ní 1978, nígbà tó ń ti Zurich padà sí Boston. Ohùn èèyàn àti fèrè mọ́tò ṣì máa wọlé o. Nínú bọ́ọ̀sì alẹ́ tó ń lọ sí Àbújá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lọ ràì. Oníwàásù tó dìde kí a tó kúrò ní gáréèjì, ṣe ló tún já geere sí mi létí.

Rọ́bà etí ni ẹ máa kíyè sí jù. Oríṣi mẹ́ta, kékeré, àárín àti ńlá, ló sábà máa ń wà nínú páálí, ti àárín ni wọ́n máa ń fi sí i. Etí òsì mi fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ńlá ni mo fi síbẹ̀, àárín sí ọ̀tún. Ẹ ki í bọ etí, ẹ má tan orin kankan, kí ẹ wá máa jẹ ẹnu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Bí ariwo bá ń já wọlé, rọ́bà yẹn kò bá yín mu. Kò kúkú sí ọjà wa tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tí ẹ lè dúró tì dán an wò.

Wákàtí 24 tí wọ́n kọ sára páálí pé bátìrì rẹ̀ máa lò, ti àpótí tó ń ṣájì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ANC bá wà ní títàn. Tèmi kì í ju márùn-ún lọ. Ẹni tó bá sì ń wọ bàálù, kó mú èyí tó ní wáyà dání, torí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ẹ̀yìn àga ni kì í gba Bluetooth.

Tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ẹ pa ANC. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lọ́sẹ̀ tí mo ra tuntun yìí. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rárá. Èébú tó bú mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.