Ojú Ère Tí Ọwọ́ Ti Jẹ

Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, ẹ̀bá fèrèsé ni mo gbé kánfáàsì sí lónìí, nínú ilé wa ní Mushin. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kun ojú Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Gbogbo ihò ara, gbogbo irun ìpéǹpéjú, gbogbo ìlà igun ẹnu wọn ni mo ti yà. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn á ní fọ́tò ni. Síbẹ̀, bí mo bá wò ó, ó ń ṣe mí bíi pé ẹni inú rẹ̀ kò mọ̀ mí.

Ìbejì ni Màmá Àgbà. Èkejì wọn kú kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu wọn. Ère rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí, mo sì bẹ̀ wọ́n lọ́sàn-án yìí kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Wọ́n tú aṣọ ara rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ìkókó. Osùn ṣì wà ní kọ̀rọ̀ abíyá, aró ẹ̀lú ṣì wà lórí irun. Ojú nìkan ló ti dán: imú ti pẹlẹbẹ, ilà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Ìyá wa ló fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n bá ti wẹ̀ fún mi, wọ́n á wẹ̀ fún òun náà. Bí mo bá jẹun, wọ́n á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu."

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọmú àyà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè rìn ló kú, àgbà obìnrin ni agbẹ́gilére gbẹ́. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, nítorí orí ló gbé ìpín ẹni dání. Ẹni tí ọmọ náà ì bá dà ló gbẹ́.

Ní Èkó yìí, ní 1906, Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Yorùbá, kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́. Ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń tọ̀, n kò sì kábàámọ̀. Àmọ́ àwọn tó rọ orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, mọ ojú ènìyàn dé góńgó, síbẹ̀ wọn ò ka ihò ara. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fà sójú àwọn kan. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, mo rọra fi pa ihò ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́. Ojú méjèèjì ni n kò fọwọ́ kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Màmá Àgbà wá wò ó. Wọ́n nawọ́. Mo ní, "Ẹ rọra o, Mà, ọ̀dà ò tíì gbẹ." Wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Àmì ìka wọn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì báyìí. N kò ní tún un ṣe.