Kí Ẹ Tó Sanwó Alignment Lẹ́ẹ̀kẹta, Ẹ Fọwọ́ Kan Wíìlì Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá dẹwọ́ díẹ̀ lára sìtíárì, ọkọ̀ á ti máa fà sí ọ̀tún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, àyà mi ò sì tíì balẹ̀.

Oṣù méjì rèé tí mo ra ọkọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó o. Mo mú mẹkáníìkì dání, a wo ẹ́ńjìnnì, a wo gíà, a yọjú sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ò béèrè ni iye oṣù tó ti wà lójú kan níbẹ̀, tí òjò ń pa á.

Ọjọ́ kejì ni mo ti rí i pé ó ń fà. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Lọ ṣe alignment." Mo ṣe é, ìyẹn ni pé wọ́n to àwọn táyà kí wọ́n lè kọjú síwájú tààrà, mo san ₦15,000. Ó ṣì ń fà. Mo lọ síbòmíràn, mo tún san. Sìtíárì wá dúró gbọnrangandan, ọkọ̀ ò yéé fà. Mo wá ń dì í mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà.

Sátidé yẹn, èmi àti ìyá mi la jọ ń lọ sí Ìbàdàn. A ti kọjá oríta Ṣágámù, a ń sún mọ́ Ògèrè. Tírélà tó wà níwájú wa ṣàdédé tan iná ẹ̀yìn. Mo tẹ bíréèkì. Ṣe ni ọkọ̀ já sí ọ̀tún, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan já sìtíárì gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Mò ń yí i sósì, òun ń lọ sọ́tùn-ún. Mo gbọ́ òkúta wẹẹrẹ tó ń dún lábẹ́ ọkọ̀, mo gbọ́ ohùn ìyá mi: "Orí mi o! Ọmọ mi, mú un o!" Nígbà tó fi máa dúró, àárín irin ẹ̀gbẹ́ títì àti ilẹ̀kùn ìyá mi kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Gààrí Ìjẹ̀bú tó gbé sórí itan ti dà sí i lára. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gbọn gààrí náà kúrò lára ìró rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú mi ò tíì kúrò lára ọwọ́ yẹn.

Òórùn bí ohun tó ń jóná ń bọ̀ láti iwájú. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan dúró, ó já omi inú ọ̀rá, ó ta á díẹ̀ sára wíìlì iwájú lápá ọ̀tún. Ṣàà! Èéfín sọ. Ó da ìyókù sí ti òsì, omi ṣàn lọ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bíréèkì yín ló di táyà yìí mú. Kì í ṣe alignment."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mẹkáníìkì tú u. Àwọn irin tí kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún bíréèkì mọ́ wíìlì, ń yọ̀ lé lórí ti dógùn-ún, kò wá lè tú wíìlì sílẹ̀ mọ́. Ó pààrọ̀ ohun tó yẹ, ọkọ̀ ń lọ tààrà báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ fọwọ́ kan wíìlì. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ má tẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ wá sún ọwọ́ mọ́ wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ dáadáa, ibẹ̀ ni kí ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ wò. Ẹ má fọwọ́ kan irin bíréèkì fúnra rẹ̀ o, á bó yín lọ́wọ́. Ẹ má sì da omi tútù sí i bíi ti dírẹ́bà yẹn, irin gbígbóná lè sán.

Táyà náà lè mú kí ọkọ̀ máa fà. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde, kí ẹ fi wé iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ gbé táyà iwájú ti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún, àyàfi èyí tó ní àmì ọfà lára. Bó bá wá ń fà sí òdìkejì, táyà ló lẹ̀bi. Títì wa náà máa ń dagun díẹ̀ sí ọ̀tún kí omi lè ṣàn, nítorí náà, ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti dán an wò.

Mi ò sọ pé alignment ò wúlò, kí àwọn tó ń ṣe é má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kì í wo bíréèkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó, kò sì sẹ́ni tó ní kí n fọwọ́ kan wíìlì. Ẹ fọwọ́ kàn án.

Ìyá mi padà sí Èkó lánàá. Mo ní mò ń bọ̀ wá gbé wọn, pé ọkọ̀ ti dáa. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, bọ́ọ̀sì làwọn máa wọ̀.