Kóòtù Fẹ́dẹ́rà Ilé àti ti Amẹ́ríkà

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan wa ní Amẹ́ríkà, ohun tí ará ilé máa ń wí ni pé, "Ẹ gbé wọn lọ sí kóòtù fẹ́dẹ́rà! Ṣebí òfin ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín." Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Tilé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Abala 251 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 ti ka iṣẹ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀: owó orí ìjọba àpapọ̀, ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ti ọkọ̀ òkun, ti ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ìjà ilẹ̀ ẹbí kì í dé Ìkòyí, níbi tí kóòtù náà wà l'Ékòó.

Níbí, kóòtù àgbègbè ti ìjọba àpapọ̀ 94 ló wà, ọ̀nà pàtàkì méjì la sì ń gbà wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni ẹjọ́ náà dúró lé. Tàbí kí àwọn tó ń ṣẹjọ́ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí owó tó wà ńlẹ̀ sì ju 75,000 dọ́là lọ. 75,000 géérégé kò tó. Ọmọ Nàìjíríà tó ní gírín káàdì, tó fi Texas ṣe ilé, kò lè gba ọ̀nà kejì yìí pe ará Texas lẹ́jọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ ńkọ́? Kóòtù ìpínlẹ̀ ni.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ìwé ọmọ onílùú. Bí USCIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní ìwé náà, bá ti fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò tán, tí ọjọ́ 120 kọjá láìsí èsì, ó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ ní kóòtù àgbègbè tó ń gbé. Adájọ́ lè dá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè dá a padà fún ọ́fíìsì náà pẹ̀lú àṣẹ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò la ti ń kà á o, kì í ṣe ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù wọlé. Ẹni tó bá kánjú, wọ́n á da ẹjọ́ rẹ̀ nù.

Owó ìpẹ̀jọ́ jẹ́ 405 dọ́là. Ẹni tí kò ní lè kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kóun pe ẹjọ́ láìsanwó. Láàárín ọjọ́ 90, ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba àpapọ̀ ní àgbègbè náà, kó dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ (Attorney General) ní Washington, kó sì dé ọ́fíìsì tá a pè lẹ́jọ́. Olùpẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jíṣẹ́ yìí. Ẹlòmíì tó ti pé ọmọ ọdún 18 ni yóò bá a ṣe é. Nílé, bélíìfù kóòtù ló ń mú un lọ. Níbí, ẹni tí kò lẹ́nìkan á sanwó fún ẹni tí kò mọ̀ rí, nítorí ìwé lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ní ọjọ́ 60 láti fèsì.

Síbẹ̀, tibí tẹ́ mi lọ́rùn jù. Nílé, wọ́n lè jà lórí bóyá kóòtù láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ kan títí dé Supreme Court, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, kí wọ́n tó ní kéèyàn lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíì. Òfin ibí náà kò dí irú rẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n adájọ́ sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, kó sì kọ̀wé pé kí olùpẹjọ́ wá sọ ohun tó gbé e wọ kóòtù òun. Bí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n tètè lé mi.