Òkú tí ó ń sáré

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Àjàṣẹ́, a ń wo eré sọ́fútíbọ́ọ̀lù kan lórí fóònù, eré tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú igi, tí a sì ń sáré la ibùdó mẹ́ta kọjá padà sí ilé, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó gba àmì, nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ tí kò jẹ́ kí a wò ó parí. Asáré kan ti kú ní ibùdó kejì, ìyẹn ni pé àwọn tí ń ṣọ́ pápá ti mú un, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré mọ́, síbẹ̀ ó ń sá lọ sí ibùdó kẹta; ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù ú tẹ̀ lé e, asáré mìíràn tí ó ti kọjá ibùdó kẹta sì rí àyè sá wọlé. Adájọ́ ní ẹni tí ó wọlé náà ti kú.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ṣẹ̀, ẹlòmíràn ń jìyà?»

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin USA Softball, ẹgbẹ́ tí ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà, ṣe là á sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ti kú, tàbí ẹni tí ó ti wọlé, bá dí àwọn tí ń ṣọ́ pápá lọ́wọ́ láti pa asáré mìíràn, asáré tí ó sún mọ́ ilé jù lọ ni yóò kú; bí òkú bá sì ń sáré títí tí wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé e, adájọ́ lè ka ìyẹn náà sí ìdíwọ́. Ti béésíbọ́ọ̀lù, eré tí ó jọ ọ́, yàtọ̀ ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà: òfin 6.01(a)(5) ní asáré tí wọ́n fẹ́ pa gan-an ni yóò kú, àlàyé abẹ́ rẹ̀ sì sọ pé eré tí òkú ń sá lọ nìkan kò tó ẹ̀ṣẹ̀.

Mo fara mọ́ apá kan nínú ti sọ́fútíbọ́ọ̀lù. Ọmọ ayò tí a bá ti jẹ ti kúrò nínú ọpọ́n, kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ asáré tí ó ti kú ṣì wà lórí pápá, aṣọ rẹ̀ kò sì yí padà. Mítà 18.29 péré ni ó wà láàárín ibùdó méjì nínú sọ́fútíbọ́ọ̀lù, nígbà tí ti béésíbọ́ọ̀lù jẹ́ 27.43, kí ẹni tí ń ṣọ́ pápá tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti ju bọ́ọ̀lù. Ti ìjìyà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè pa òkú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di dandan kí ẹnì kan san án.

Àbúrò mi kò gbà. Ó ní bí òun bá jẹ́ adájọ́, ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù ni òun ì bá bá wí, ẹni tí kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.